Dìbò Kí O Sebẹ̀: Èrè, Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti Ìjọ ní Èkìtì

Ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2018, àwọn ará Èkìtì jáde láti yan gómìnà wọn. Bí a ṣe ra ìbò lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bòókẹ́lẹ́, nítorí ìṣojú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ìbò ló ṣe, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Olùdìbò á gba ìwé ìbò, á tẹ̀ka sí i, ṣùgbọ́n kí ó tó jù ú sínú àpótí, á ṣí i síta díẹ̀ kí aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tó dúró nítòsí lè rí ibi tí ìka rẹ̀ bà. Bí aṣojú bá ti mi orí, ọ̀rọ̀ parí. Olùdìbò á gba ẹ̀yìn ilé kan lọ, á lọ gba owó. Iye tí ìwé ìròyìn gbé jáde wà láàárín 3,000 náírà sí 5,000, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù lẹ́nu ènìyàn ni 4,000. Ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, APC àti PDP, ni àwọn olùṣọ́ ìbò dárúkọ nínú ìjábọ̀ wọn.

“Dìbò kí o sebẹ̀” ni aráàlú ń pè é. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn ará Oǹdó nígbà ìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2016, kí ó tó di orin ẹnu ní Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí a fetí sí ohun tí gbólóhùn náà ń wí. Kò sọ pé kí o dìbò kí ìlú lè dára. Kò tilẹ̀ sọ pé kí o dìbò fún ẹni tí yóò jẹ́ kí ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò rẹ fún ọdún mẹ́rin. Ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń sọ. Bí a bá pín 4,000 náírà sí iye ọjọ́ tó wà nínú ọdún mẹ́rin tí gómìnà yóò lò, kò tó náírà mẹ́ta lóòjọ́. Lọ́dún náà, náírà mẹ́ta kò lè ra omi inú ọ̀rá kan.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ òjíṣẹ́, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà lẹ́nu rẹ̀, bá mi yẹ ìtàn yìí wò kí a tó dá àwọn olùdìbò lẹ́bi. Ìwàásù ìbáwí lórí rẹ̀ ti pọ̀. Ohun tí mo ń wá ni èyí: kí ni ẹ̀bùn máa ń sọ iṣẹ́ tí a fi í rà dà? Àwa náà nínú ilé Ọlọ́run ń lo ẹ̀bùn láti mú kí ènìyàn ṣe ohun tí a fẹ́, láti kíláàsì àwọn ọmọdé títí dé orí pẹpẹ, ó sì ṣọ̀wọ́n kí a tó bi ara wa ní ìbéèrè yìí.

Èrè ọ̀tọ̀, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ọ̀tọ̀

Ìwé Mímọ́ kò kórìíra èrè. Nígbà tí Dáfídì dé ibùdó ogun ní àfonífojì Élà, ohun tó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ni ohun tí a ó ṣe fún ẹni tó bá pa Fílístínì náà (1 Sámúẹ́lì 17:26). Ó sì béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kálẹ́bù ṣèlérí ọmọbìnrin rẹ̀ fún ẹni tó bá gba Kíríátì-Séférì (Jóṣúà 15:16). Òǹkọ̀wé Hébérù ní Mósè fi ọrọ̀ Íjíbítì sílẹ̀ nítorí pé ó ń wo èrè tí ń bọ̀ (11:26). Pọ́ọ̀lù sì sọ fún Tímótì pé ọ̀yà tọ́ sí alágbàṣe. Nítorí náà ẹni tó bá ń wàásù pé Krìstẹ́nì tòótọ́ kì í retí nǹkan kan ń fi kún Bíbélì.

Ṣùgbọ́n èdè wa fúnra rẹ̀ ti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Èrè a máa tẹ̀lé iṣẹ́. Alágbàṣe á ro oko ná kí ó tó nawọ́ fún owó rẹ̀, àdéhùn a sì ti wà kí ó tó gbé ọkọ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ nínú orúkọ: ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ẹni tí yóò dá a. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà nìkan. Àwọn tó san owó ní 2018 lẹ́yìn tí olùdìbò ti tẹ̀ka kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tó san èrè. Ohun tí wọ́n rà ni kì í ṣe ohun títà. Ìbò kì í ṣe iṣu tí olùdìbò gbìn. Ìlú ló fi sí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí a ṣe fi ìdájọ́ sí ọwọ́ adájọ́. Ìdí nìyí tí Diutarónómì 16:19 fi sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn bí ohun tí ń fọ́ ọlọ́gbọ́n lójú. Ẹ kíyè sí i pé ọlọ́gbọ́n ló dárúkọ, kì í ṣe òpè.

Ìtàn Géhásì ni mo máa ń fi síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí kò rọrùn bí ti Símónì oṣó. Náámánì kò fẹ́ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún Èlíṣà. Ara rẹ̀ ti dá, ó fẹ́ dúpẹ́. Ọpẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Èlíṣà náà sì ti jẹun nílé obìnrin ará Ṣúnémù. Kí ló dé tó fi kọ̀? Mo rò pé nítorí Náámánì ni. Ọkùnrin yìí ti kó fàdákà àti wúrà wá láti Síríà, ọ̀nà tí àwọn ọba fi ń bá ara wọn ṣe ló mọ̀. Bí Èlíṣà bá gba ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ̀, yóò padà sílé pẹ̀lú èrò pé òun san owó ìwòsàn òun. Géhásì gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti aṣọ ìpààrọ̀ méjì, ó sì sọ oore-ọ̀fẹ́ di ọjà lẹ́yìn tí oore-ọ̀fẹ́ ti ṣiṣẹ́ tán.

Omi Ẹ̀fọ̀n, àti ilé ẹ̀kọ́ Àgídímọ̀

Kì í ṣe àwọn olóṣèlú ló kọ́kọ́ mú ẹ̀bùn tí ń fa èrò wọ Èkìtì. Ìsọjí tó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oóyè ní Iléṣà ní oṣù Keje ọdún 1930 kò pẹ́ kí ó tó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí Ọlọ́run lò níbẹ̀ mọ ohun tí owó oṣù ń jẹ́: awakọ̀ róólà tí ń tẹ ọ̀nà ni fún ìjọba kí ó tó gbọ́ ìpè ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti gbogbo ìlú Èkìtì ni wọ́n ti ń wá bá a ní Ẹ̀fọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé baba wa nínú ìgbàgbọ́ ni. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan ló fa èrò náà. Ìlera ni. Wọ́n gbé aláìsàn wá, wọ́n sì gbé ohun èlò wá láti fi pọn omi tí a ti gbàdúrà sí. Àwọn kan nínú àwọn míṣọ́nnárì fi èyí kẹ́gàn ìsọjí náà: wọ́n ní àwọn ènìyàn ń wá omi, wọn kò wá Olúwa. Ẹ̀sùn náà kò ṣàjèjì. Ní Jòhánù 6, Jésù fúnra rẹ̀ sọ fún ogunlọ́gọ̀ pé nítorí oúnjẹ tí wọ́n jẹ ní àná ni wọ́n fi ń wá òun.

Ṣùgbọ́n ẹ fi omi Ẹ̀fọ̀n wé owó 2018. Ìtàn tí ìjọ àwọn Àpọ́sítélì fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Babalọlá kò díyelé àdúrà. A kò ṣèlérí omi fún ẹnì kan bí owó ìyípadà rẹ̀. Ìyọ́nú ló pọn omi náà. Ẹni tó sì gba omi kò lọ sílé ní òmìnira, nítorí ohun tó tẹ̀lé e ni pé kí ó kó oògùn àti òrìṣà rẹ̀ jáde kí a dáná sun ún. Ẹni tó wá nítorí ẹ̀bùn bá àṣẹ pàdé níbẹ̀, àṣẹ náà sì ná an ju ohun tó gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ṣe ní Kápérnáúmù. Ó bọ́ wọn ní àná nítorí ebi ń pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n padà wá fún òmíràn, ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n bá, ọ̀pọ̀ sì yí ẹ̀yìn padà. Kò pè wọ́n padà kí ó fi burẹ́dì lé e.

Ní Adó, Archdeacon Henry Dallimore ti ìjọ CMS kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìsọjí náà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1931. Òun náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1933, èyí tó di Christ’s School lórí òkè Àgídímọ̀. Ìwé kíkà pẹ̀lú jẹ́ ohun tó fa ènìyàn wá sínú ìgbàgbọ́: bàbá tí kò bìkítà fún ìsìn òyìnbó á fi ọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ míṣọ̀n nítorí iṣẹ́ akọ̀wé tàbí iṣẹ́ tíṣà. Èmi kò bá wọn jà. Èrè tí yóò gba ọdún mẹ́wàá kí ó tó dé ọwọ́, tí ọmọ sì gbọ́dọ̀ fi làálàá jẹ, kò jọ èyí tí a ń gbà lẹ́yìn ilé kí oòrùn tó wọ̀.

Ìrẹsì ọdún 2014

Káyọ̀dé Fáyẹmí di gómìnà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2010, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ìjọba rẹ̀ náà lo owó láti súnni ṣe nǹkan. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń fún àwọn arúgbó tó ti pé ẹni ọdún 65, tí kò ní olùrànlọ́wọ́, ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Wọ́n fi àjẹmọ́nú kún owó àwọn olùkọ́ tó bá gbà láti lọ kọ́ni ní ìgbèríko, àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ bí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ní 2012, ìjọba kan náà ní kí àwọn olùkọ́ wá jókòó ṣe ìdánwò kí a lè mọ ibi tí wọ́n kù sí. Ọ̀pọ̀ wọn kọ̀. Wọ́n rí i bí ìwọ̀sí. Ẹni tó bá mọ ipò tí olùkọ́ wà ní Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, níbi tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbolé tí kò ní olùkọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní tán síbẹ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Ayọ̀délé Fáyòṣé ti ẹgbẹ́ PDP, ará Àfàò, tó ti ṣe gómìnà rí láti 2003 sí 2006, ní ìbò 203,090. Fáyẹmí ní 120,433. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni Fáyòṣé ti borí. Láti ìgbà náà ni gbogbo Nàìjíríà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun amáyédẹrùn fún ikùn: pé ọ̀nà ọlọ́dà dára, ṣùgbọ́n ikùn ni aráàlú ń gbé káàkiri.

Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé àwọn ará Èkìtì fi ẹni tó ń kọ́ ilé sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé ẹni tó ń pín ìrẹsì. Ó dùn létí, mo sì ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ ju ìgbà márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ìròyìn ìgbà náà fi hàn pé ẹgbẹ́ méjèèjì ló pín ìrẹsì. Bí méjèèjì bá pín in, ìrẹsì nìkan kò lè jẹ́ ìdí tí ọ̀kan fi fi ìbò tó lé ní 80,000 ju èkejì lọ. Inú àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kò dùn. Fáyòṣé sì jẹ́ ẹni tí ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bá àwọn ènìyàn jẹun, tí ń gun ọ̀kadà. Ẹni tó jókòó tì mí kí ó tó fún mi ní àgbàdo sísun, kì í ṣe àgbàdo nìkan ló fún mi. Àwa pásítọ̀ ló yẹ kí a tètè lóye èyí, nítorí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń bẹ àwọn ọmọ ìjọ wò àti ẹni tí ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn baba wa sì ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Kò yẹ kí ẹni tó yó fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbò náà ni ó kàn mí jù. Nígbà tí ìjọba tuntun gorí àléfà ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ohun amáyédẹrùn ikùn kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, ó di ipò nínú ìjọba: wọ́n yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mọ́ ọn, nígbà Kérésìmesì wọ́n sì pín ìrẹsì àti adìẹ, àwọn ènìyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti gbà á. Ọdún kan náà ni iye owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Owó tí ń wá láti Àbújá dínkù fún gbogbo ìpínlẹ̀, Èkìtì tí kò ní ilé iṣẹ́ púpọ̀ sì wà lára àwọn tó dùn jù. Gbèsè owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Nígbà tí ìbò 2018 dé, ọ̀pọ̀ oṣù ni ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́.

Ẹ gbé nǹkan méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òṣìṣẹ́ kan wà tí ìjọba jẹ ní owó oṣù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, Jákọ́bù 5:4 sì ní irú owó bẹ́ẹ̀ ń ké jáde sí Olúwa. Ní oṣù Kejìlá, ó tò lórí ìlà, ó gba adìẹ kan, ó sì ní, “Ẹ ṣé o, Ọlọ́run á bù kún yín.” Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òun ni a jẹ ní gbèsè. Ní ọ̀sán, òun ló di ẹni tí a ṣe lóore. Adìẹ náà kò san gbèsè kankan, ṣùgbọ́n ó yí ìjókòó padà: ẹni tó yẹ kó dìde béèrè ti di ẹni tó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Mo ka èyí sí iṣẹ́ tó burú jù tí ẹ̀bùn lè ṣe, ó burú ju ríra ìbò lọ, nítorí kò sí òfin tó dè é, kò sì sí ẹni tó lè pe adìẹ Kérésìmesì ní ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe Èkìtì nìkan, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Iye àwọn tó jáde

Ó wá dé 2018. Fáyẹmí tún jáde fún APC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá Ẹ̀lẹ́kà tó jẹ́ igbákejì Fáyòṣé sì dúró fún PDP. Fáyẹmí ní 197,459, Ẹ̀lẹ́kà ní 178,121. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 2022, Bíọ́dún Oyèbánjí, ọmọ Ìkọ̀gòsì, wọlé fún APC pẹ̀lú ìbò 187,057. Àwọn olùṣọ́ ìbò tún ròyìn pé a ra ìbò, àjọ EFCC sì mú àwọn kan ní Adó-Èkìtì lọ́jọ́ náà.

Ẹ wo iye àwọn tó jáde. Ní 2014, orúkọ tó wà nínú ìwé ìdìbò lé ní 730,000, nǹkan bí ìdajì wọn ló sì jáde. Ní 2018, orúkọ 913,334 ló wà nínú ìwé, 405,861 ni a sì yẹ káàdì wọn wò lọ́jọ́ ìbò, ìyẹn nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2022, orúkọ ti di 989,224, ṣùgbọ́n àwọn tó jáde dínkù sí 363,438, nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí owó bá jẹ́ ohun tí ń mú ènìyàn dìde lóòótọ́, ó yẹ kí èrò pọ̀ sí i bí ọjà ìbò ṣe ń gbilẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ la rí. Mo mọ̀ pé ìdí mìíràn wà: orúkọ òkú àti ti àwọn tó ti kó lọ sí Èkó tàbí òkè òkun wà nínú ìwé, ó sì sú àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé owó náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìbò bá ti ní iye, ẹni tí iye náà kò tó ohun tí yóò fi ṣe á jókòó sílé. Iṣẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di òwò, òwò náà kò sì lérè fún un.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú nǹkan yìí wò níbòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà ìbò ààrẹ oṣù Kẹta ọdún 2001, Leonard Wantchekon, ọmọ ilẹ̀ náà, mú kí àwọn olùdíje gidi sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní àwọn abúlé tó yàn. Ní àwọn ibì kan, ohun tí wọn yóò ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n sọ. Ní ibòmíràn, iṣẹ́ àti oore tí yóò kan àwọn ará ibẹ̀ nìkan. Ìlérí fún tiwa-n-tiwa ló mú ìbò wá jù. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin fetí sí ọ̀rọ̀ gbogboògbò ju àwọn ọkùnrin lọ. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Obìnrin tó ń bímọ ní ilé ìwòsàn tí kò ní iná mọ̀ pé àpò ìrẹsì kò lè tan iná níbẹ̀.

Èkejì kan àwọn ọmọdé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ̀ ọ́n. Ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Mark Lepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ tó ní rìbọ́ọ̀nù fún ìpín kan kí wọ́n tó yàwòrán. Ìpín kejì gba ìwé ẹ̀yẹ kan náà lójijì, lẹ́yìn tí wọ́n ti yà á tán. Ìpín kẹta kò gba nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, a tún kó ohun èlò àwòrán sílẹ̀ láìsí ẹ̀bùn kankan. Àwọn tí a ti ṣèlérí fún lò nǹkan bí ìdajì àkókò tí ìpín kẹta lò nídìí rẹ̀. Àwọn tó gba ẹ̀bùn lójijì kò yí padà. Ẹ̀bùn kan náà ni; ìlérí tó ṣáájú ló bà á jẹ́. Ó ti kọ́ ọmọ pé àwòrán jẹ́ ohun tí a ń ṣe nítorí nǹkan mìíràn.

Nínú ilé tiwa

Mo ti rí ìwé ìkéde ètò ìsọjí tí ìlà kìíní rẹ̀ jẹ́ orúkọ oníwàásù, tí ìlà kejì sì jẹ́ pé àwọn ẹni igba tó bá kọ́kọ́ dé yóò gba ìrẹsì. Mo ti rí ìjọ tó ní ẹni tó bá mú ọkàn mẹ́ta wá yóò gba fáànù. Ará kan tó ń kọ́wé nípa iṣẹ́ ìhìnrere sọ fún mi pé kí ni mo rí wí, ṣebí Jésù náà bọ́ wọn. Ó bọ́ wọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú Ìhìnrere tó ti fi àkàrà ṣe ìkéde. Ebi ló rí, àánú wọn ló ṣe é, Ó sì ní kí wọ́n jókòó sórí koríko. Bí ẹ bá ní ìrẹsì, ẹ pín in fún àwọn opó tó wà ní àdúgbò yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ìpàdé, kí ẹ má sì béèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ tó mọ orí kan nínú Sáàmù ní Bíbélì, ẹ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi Bíbélì náà hàn án kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ sórí.

Mo mọ̀ pé ìlànà yìí ń fọwọ́ kan ìwàásù irúgbìn gbígbìn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wà. Ẹni tí a ti kọ́ láti ọdún dé ọdún pé kí ó mú ọrẹ wá kí ó lè gba ìlọ́po rẹ̀ kò ní rí ohun tó burú nínú gbígba 4,000 náírà nítorí ìbò. Òwò kan náà ni, ọwọ́ tí ń san án nìkan ló yàtọ̀. Mo fi èyí sílẹ̀ fún àròkọ mìíràn, nítorí ó fẹjú.

Èyí tí kò lè dúró ni ti àwọn olùdíje. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe olùṣọ́ àgùntàn ní Adó, ní Ìjerò, ní Ìgèdè tàbí ní Àrámọkọ mọ bó ṣe máa ń rí. Oṣù mẹ́fà sí ìbò, olùdíje á wá ṣe ìdúpẹ́. Á gbé àpò ìrẹsì wá fún àwọn ìyá, á ṣèlérí ẹ̀rọ amúnáwá tàbí páànù òrùlé, a ó sì gbé makirofóònù fún un kí ó kí ìjọ. Òfin ìdìbò ọdún 2022, ní abala 121, fi ìtanràn 500,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjìlá tàbí méjèèjì lé orí ẹni tó bá fi nǹkan ra olùdìbò, ó sì ka ẹni tó gbà á mọ́ ẹni tó fún un. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ ìjọ, ọrẹ rẹ̀ ọjọ́ ìsinmi kò ní àríyànjiyàn. Kí ó fi í sínú àpò ọrẹ bí gbogbo ènìyàn, láìkéde. Èyí tó bá wá pẹ̀lú orúkọ, àwòrán tàbí àmì ẹgbẹ́, mo dábàá pé kí ìgbìmọ̀ alàgbà fẹnu kò ṣáájú kí àkókò ìpolongo ìbò tó bẹ̀rẹ̀ pé a kò ní gbà á, kí a sì kà á fún ìjọ, kí ó má baà di pé pásítọ̀ nìkan ló kọ̀. Èyí tí wọ́n bá ti já sílẹ̀ kí a tó dé, kí a dá a padà pẹ̀lú lẹ́tà ọ̀wọ̀ tí akọ̀wé ìjọ fọwọ́ sí, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú fáìlì ìjọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dá a padà àti iye àpò tó wà níbẹ̀.